Kí Ló Ń Ti Kòtò Èédú Pa ní Amẹ́ríkà? Àlàyé lórí Ìlànà Èéfín Kábọ́ọ̀nù

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, àjọ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìtọ́jú àyíká lé lọ́wọ́, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí EPA, kéde pé òun fẹ́ fagi lé ìlànà tó de èéfín kábọ́ọ̀nù tí àwọn iléeṣẹ́ amúnáwá ń tú sójú ọ̀run. Àwọn kan yọ̀, wọ́n ní iṣẹ́ yóò padà sí àwọn ìlú tí wọ́n ti ń wa èédú. Àwọn mìíràn bínú, wọ́n ní ooru tó ń mú ayé ti tó gẹ́ẹ́. Ohun tó rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ni pé ìlànà tí wọ́n ń jà lé lórí yìí kò tíì de iléeṣẹ́ èédú kankan lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú rẹ̀ ní ọdún 2015 kò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí wọ́n fi pa á rẹ́, síbẹ̀ kòtò èédú ń tì, àwọn awakùsà sì ń padà sílé lọ́wọ́ òfo. Báwo ni ìlànà tí kò ṣiṣẹ́ rí ṣe lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn? Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí mo gbà pé ẹni tó di gbogbo ẹ̀bi ru ìlànà kò sọ òtítọ́ tán, ẹni tó sì ní ọ̀rọ̀ kò kan ìlànà rárá, òun náà kò sọ òtítọ́ tán.

Èédú wo là ń sọ?

Èédú tí alágbẹ̀dẹ ń fi ẹwìrì fẹ́, tàbí èyí tí a fi ń yan àgbàdo lẹ́bàá títì, igi ni wọ́n sun tó fi di èédú. Èyí kọ́ là ń sọ. Èédú inú ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé: igi àti ewéko tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti àìmọye mílíọ̀nù ọdún, tí ìwúwo ilẹ̀ àti ooru tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi le bí òkúta. Àwa ará Nàìjíríà kì í ṣe àjèjì sí i, nítorí òun ló sọ Enugu di ìlú èédú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á níbẹ̀ ní ọdún 1915, rélùwéè sì jẹ́ oníbàárà rẹ̀ pàtàkì. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kúrò lórí èédú bọ́ sórí dísù, tí epo rọ̀bì sì di ọ̀gá, oníbàárà kò sí mọ́, iṣẹ́ náà sì rọ. Kò sí ìlànà kábọ́ọ̀nù kankan láyé nígbà náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Oríṣi méjì ni èédú tí Amẹ́ríkà ń wà. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n ń jó nínú iléeṣẹ́ amúnáwá láti fi se omi, tí oru omi náà yóò sì yí ẹ̀rọ tó ń pèsè iná mànàmáná. Èkejì ni èyí tí wọ́n fi ń ṣe irin. Ìlànà tí à ń sọ yìí kò fọwọ́ kan èkejì rárá. Ìdí nìyẹn tí àwọn kòtò kan ní ìpínlẹ̀ West Virginia, níbi tí èédú irin pọ̀ sí, fi ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì ń kó ọjà lọ sókè òkun, nígbà tí kòtò èédú iná tí kò jìnnà sí wọn ti di ahoro.

Kí ni èéfín kábọ́ọ̀nù, kí sì ni ìlànà?

Bí èédú bá ń jó, kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ máa ń dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ tí à ń mí, yóò sì gba ojú ọ̀run lọ. Kì í ṣe èéfín dúdú tó ń ta ènìyàn lójú. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ṣùgbọ́n ó ń pọ̀ sí i lójú sánmà, ó sì ń ṣe bí aṣọ ìbora tí kò jẹ́ kí ooru ilẹ̀ ráyè jáde. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi ń pèsè iná, èédú ló ń tú u síta jù. Bí iye iná tí a fi èédú pèsè bá tú tọ́ọ̀nù 1 sójú ọ̀run, gáàsì tó pèsè iye iná kan náà kì í sábà tú tó ìdajì rẹ̀.

Òfin àti ìlànà kì í ṣe ohun kan náà. Àwọn aṣòfin ló ń ṣe òfin. Àjọ ìjọba ló ń ṣe ìlànà láti inú òfin náà. Òfin tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1970. Kò dárúkọ kábọ́ọ̀nù pàtó. Ní ọdún 2007 ni Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ní kábọ́ọ̀nù náà wà lára ohun tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, láti ìgbà náà ni EPA ti ní àṣẹ láti fi ìlànà dè é. Ìlànà sì rọrùn láti yí padà ju òfin lọ. Ìjọba tó bá dé lè tú ohun tí èyí tó lọ dì, ibẹ̀ sì ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ló ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìlànà náà?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, ìjọba Obama gbé ìlànà kan jáde tó fẹ́ kí èéfín kábọ́ọ̀nù iléeṣẹ́ amúnáwá fi ìdá 32 nínú 100 dín sí ti ọdún 2005, kó tó di ọdún 2030. Wọ́n fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀, wọ́n sì retí pé ọ̀pọ̀ yóò dé ibẹ̀ nípa dídín iná èédú kù, kí wọ́n fi iná gáàsì, ti atẹ́gùn àti ti oòrùn rọ́pò rẹ̀. Kò ju nǹkan bí oṣù mẹ́fà lọ tí Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ fi dá a dúró, ní oṣù kejì ọdún 2016. Ìjọba Trump fi èyí tó rọ̀ jù ú lọ rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2019, ilé ẹjọ́ mìíràn sì fagi lé ìyẹn náà ní oṣù kìíní ọdún 2021.

Ẹjọ́ tó ṣe pàtàkì jù ni èyí tí ìpínlẹ̀ West Virginia pe EPA, tí ìdájọ́ rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2022. Adájọ́ 6 wà níhà kan, 3 wà níhà kejì. Ẹ ronú kan àwọn VIO tó máa ń yẹ ọkọ̀ wò lójú títì. VIO lè ní kí o tún sàléńsà ọkọ̀ rẹ ṣe nítorí pé ó ń rú èéfín. Ṣùgbọ́n ṣé ó lè ní kí o pa iṣẹ́ awakọ̀ tì, kí àwọn èrò rẹ máa wọ ọkọ̀ ojú irin? Ohun tí ilé ẹjọ́ sọ kò jìnnà sí èyí: EPA lè ní kí iléeṣẹ́ kan tún ara rẹ̀ ṣe kí èéfín rẹ̀ lè dín, ṣùgbọ́n kò lè lo òfin ọdún 1970 láti darí gbogbo orílẹ̀-èdè kúrò lórí èédú bọ́ sórí nǹkan mìíràn, àfi tí àwọn aṣòfin bá là á kalẹ̀ fún un.

Nítorí náà ni ìjọba Biden fi gba ojú ọ̀nà sàléńsà ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Ìlànà rẹ̀ sọ pé iléeṣẹ́ èédú tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ wọ ọdún 2039 gbọ́dọ̀ máa gba ìdá 90 nínú 100 kábọ́ọ̀nù rẹ̀ mú kí ó tó jáde, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2032, kó sì tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ilẹ̀. Èyí tó bá ti pinnu láti kógbá sílé ṣáájú ọdún 2032 kò ní wàhálà kankan. Ẹ̀rọ tó lè gbá kábọ́ọ̀nù mú wà, kì í ṣe àlá: iléeṣẹ́ Petra Nova ní Texas ti lò ó. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ná síbẹ̀ tó nǹkan bíi bílíọ̀nù dọ́là 1, apá kan ṣoṣo nínú èéfín iléeṣẹ́ náà ló sì ń gbà. Ìlànà yìí ni wọ́n ní àwọn fẹ́ pa rẹ́ ní ọdún 2025.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìtàn yìí ni pé ìdá 32 tí Obama ń wá fún ọdún 2030, ọdún 2019 ni Amẹ́ríkà ti dé ibẹ̀, láìsí ìlànà kankan lẹ́nu iṣẹ́.

Bí kì í bá ṣe ìlànà, ta ló ń lé èédú lọ?

Gáàsì ni àkọ́kọ́. Láti nǹkan bí ọdún 2008, àwọn iléeṣẹ́ epo ń lo ọgbọ́n fífi omi àti iyanrìn fọ́ àpáta abẹ́ ilẹ̀ káàkiri, gáàsì sì ń tú jáde bí omi. Ìwọ̀n gáàsì tí wọ́n ń tà ní ohun tó lé ní dọ́là 8 ní ọdún 2008 ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi dọ́là 2 àti ààbọ̀ ní ọdún 2016. Iléeṣẹ́ amúnáwá kì í ṣe ọ̀rẹ́ èédú, kì í sì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Ọjà tó pọ́ọ́kú ló ń wá. Ní ọdún 2008, èédú ló ń pèsè bí ìdajì iná Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2016, gáàsì kọjá rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní ọdún 2023, èédú ti dín sí nǹkan bí ìdá 16 nínú 100. Iná atẹ́gùn àti ti oòrùn tó ń dín lówó ló tún wá ti gáàsì lẹ́yìn.

Èkejì ni ẹ̀rọ, èyí sì ti pẹ́ jùyẹn lọ. Ní ọdún 1923, àwọn awakùsà èédú ní Amẹ́ríkà lé ní 800,000. Lónìí, nǹkan bí 40,000 ni wọ́n. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tó sọnù náà ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ gbólóhùn náà, ìlànà kábọ́ọ̀nù. Ní òkè Appalachia, ní Kentucky àti West Virginia, èédú wà nínú òkè, ó tẹ́ pẹlẹbẹ, òmíràn kò sì ga tó ènìyàn, nítorí náà àwọn òṣìṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n tilẹ̀ máa ń rákò nígbà mìíràn kí ọwọ́ wọn tó tó o. Ní Wyoming, èédú ga ju ilé alájà mélòó kan lọ, kò sì jìnnà sí ojú ilẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá kan yóò ká ilẹ̀ kúrò, òmíràn yóò sì máa bù ú sínú ọkọ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni Wyoming nìkan fi ń wa nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 èédú orílẹ̀-èdè náà pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tí kò pọ̀. Nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ iná bẹ̀rẹ̀ sí í ra ti Wyoming, Wyoming ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará òkè, kì í ṣe EPA.

Ìlànà kan tún wà tí àwọn ènìyàn máa ń kà mọ́ ti kábọ́ọ̀nù, òun ni ti mákúrì, oró tó máa ń bá èéfín èédú jáde, tó sì ń ba ọpọlọ ọmọ inú oyún jẹ́. Ìyẹn ṣiṣẹ́ ní tòótọ́ láti ọdún 2015, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ògbólógbòó tí kò fẹ́ náwó sí ẹ̀rọ tuntun ló sì ti ìlẹ̀kùn lọ́dún náà. Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé ìlànà EPA ló ti iléeṣẹ́ àdúgbò òun pa, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ìlànà wo.

Níbo wá ni ìlànà kábọ́ọ̀nù ti wọlé?

Ó wọlé nípasẹ̀ ìpinnu ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ọkùnrin kan ní dáńfó tó ti lo ọgbọ̀n ọdún. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mu ọ́ìlì, ṣùgbọ́n ó ṣì ń rí owó oúnjẹ nídìí rẹ̀. Ìjọba wá kéde pé tó bá di ọdún márùn-ún sí i, ọkọ̀ tó bá ń rú èéfín kò gbọdọ̀ dé títì mọ́. Lọ́jọ́ ìkéde náà, kò sẹ́ni tó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mẹkáníìkì bá sọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e pé ẹ́ńjìnnì ti fẹ́ kú, kó mú mílíọ̀nù náírà méjì wá kí òun bá a pààrọ̀ rẹ̀, ǹjẹ́ yóò mú un? Ta ni yóò yá a? Bí ilé ẹjọ́ bá tilẹ̀ dá ìjọba dúró, kò mọ̀ bóyá ìjọba tó ń bọ̀ yóò tún gbé e dé. Yóò wa ọkọ̀ náà títí yóò fi kú, kò ní tún un ṣe.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ amúnáwá rí. Ṣáájú ọdún 1990 ni wọ́n kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ti èédú. Wọ́n ti di arúgbó, àtúnṣe wọn sì ń gba owó tí a ó fi ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún san tán. Ìlànà kò pa wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ẹni tó fẹ́ náwó lé wọn lórí ronú lẹ́ẹ̀mejì. Gáàsì tó pọ́ọ́kú ti tì wọ́n dé etí kòtò, ìlànà wá sọ fún olówó pé kó má nawọ́ sí wọn.

Kòtò èédú ló sì ń gba ìyókù, nítorí pé kò fi bẹ́ẹ̀ ní oníbàárà mìíràn. Nínú èédú tí Amẹ́ríkà ń lò nílé, ó lé ní ìdá 90 nínú 100 tó ń lọ sí iléeṣẹ́ amúnáwá. Obìnrin tó ń gbé oúnjẹ tà lẹ́nu géètì fákítìrì kan ṣoṣo yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Kò sẹ́ni tó ṣòfin lòdì sí ìrẹsì rẹ̀, ṣùgbọ́n bí fákítìrì bá kógbá sílé, oúnjẹ inú ìkòkò rẹ̀ kò ní tà lọ́jọ́ náà.

Bí kòtò bá tì, ta ni ìyà ń jẹ?

Òṣìṣẹ́ ni gbogbo ayé máa ń rí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ wo ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ibẹ̀ ni ọgbẹ́ náà jinlẹ̀ sí. Àwọn ìpínlẹ̀ tó ní èédú máa ń gba owó orí lórí gbogbo èyí tó bá jáde nínú ilẹ̀ wọn. Ní West Virginia, ìdá 5 nínú 100 iye tí wọ́n tà á ni títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í dín ti èédú iná kù ní ọdún 2019, apá kan nínú rẹ̀ sì ń padà sọ́dọ̀ àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Owó èédú ló kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Wyoming. Ẹni tó bá mọ bí àwọn ìpínlẹ̀ wa ṣe máa ń retí owó epo láti Abuja lóṣooṣù yóò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí owó bẹ́ẹ̀ bá dáwọ́ dúró. Ní ọdún 2016, ìjọba ìbílẹ̀ Boone ní West Virginia ti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́ta pa. Nígbà tí iléeṣẹ́ amúnáwá Navajo ní Arizona tì ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn Hopi, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ kan níbẹ̀, pàdánù èyí tó pọ̀ jù lọ nínú owó tí wọ́n fi ń ṣèjọba ara wọn.

Owó ìfẹ̀yìntì náà ń bẹ níbẹ̀. Ó dà bí èésú tí àwọn tó ń dá a ń dín kù, tí àwọn tó fẹ́ kó o sì ń pọ̀ sí i: iléeṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ló ń san owó sápò fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, bí iléeṣẹ́ bá sì wọ gbèsè, owó náà dúró. Oṣù kejìlá ọdún 2019 ni àwọn aṣòfin tó fi owó ìjọba gba àpò àwọn awakùsà là, lẹ́yìn tí àwọn arúgbó tó ń fi ẹ̀dọ̀fóró tó ti bàjẹ́ mí ti rin ìrìn àjò lọ sí Washington láìmọye ìgbà.

Ní oṣù keje ọdún yẹn kan náà, Blackjewel, iléeṣẹ́ tó ń wa èédú, lọ sọ fún ilé ẹjọ́ pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn, nǹkan bí 1,700 òṣìṣẹ́ sì pàdánù iṣẹ́ ní ọ̀sán gangan, ní Wyoming àti ní òkè Appalachia. Ní Harlan, Kentucky, owó iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ti rí nínú àkáǹtì wọn di àwátì: ṣẹ́ẹ̀kì náà kò lówó lẹ́yìn, báńkì sì yọ ọ́ padà. Ẹni tó ti fi san owó ilé jí bá gbèsè nílẹ̀. Nígbà tó di ìparí oṣù, wọ́n rí i pé ọkọ̀ ojú irin fẹ́ kó èédú tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wà jáde lọ. Wọ́n lọ dúró sójú irin, ọkọ̀ kò sì lè kọjá. Wọ́n gbé àga síbẹ̀, wọ́n ta àgọ́, ìyàwó àti ọmọ wọn wá bá wọn, àwọn ará àdúgbò ń gbé oúnjẹ wá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì wà fún nǹkan bí oṣù méjì. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀, kò sí ìlànà kábọ́ọ̀nù ìjọba àpapọ̀ kankan tó ń de iléeṣẹ́ èédú tó ti wà nílẹ̀.

Ṣé ọ̀nà mìíràn wà láti ṣe é?

Ní Jámánì, òfin tó ní kí wọ́n jáwọ́ nínú iná èédú, ó pẹ́ tán ní ọdún 2038, àti òfin tó ya owó tó tó bílíọ̀nù yúrò 40 sọ́tọ̀ fún àwọn agbègbè èédú bíi Lausitz, ọjọ́ kan náà ni àwọn aṣòfin fọwọ́ sí wọn ní oṣù keje ọdún 2020. Àwọn ará Lausitz ti jẹ irú ìyà yìí rí, lẹ́yìn tí Jámánì méjèèjì di ọ̀kan ní ọdún 1990, tí iṣẹ́ tí kò lóǹkà pòórá láàárín ọdún díẹ̀. Wọn kò fẹ́ kí wọ́n ṣe é fún wọn lẹ́ẹ̀kejì. Amẹ́ríkà kò ṣe bẹ́ẹ̀. EPA ní àṣẹ láti de èéfín, kò ní àṣẹ láti kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún Boone. Àwọn aṣòfin tó ní àṣẹ owó máa ń jà lórí bóyá ìlànà dára tàbí kò dára, ọdún a sì máa gorí ọdún kí wọ́n tó rántí ìlú tí yóò ru ẹrù rẹ̀. Lójú tèmi, àṣìṣe tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì ló sì jọ jẹ̀bi rẹ̀. Àwọn ibì kan ń gbìyànjú fúnra wọn. Ní Kemmerer, Wyoming, nítòsí iléeṣẹ́ èédú ògbólógbòó kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2024 lórí iléeṣẹ́ amúnáwá núkílíà tí Bill Gates ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Bí wọ́n bá pa ìlànà rẹ́, ṣé iṣẹ́ yóò padà?

Iléeṣẹ́ tó ṣì dúró lè pẹ́ sí i. Iná tí àwọn ilé kọ̀ǹpútà ńláńlá ń gbà ti ń pọ̀ sí i, àwọn tó fẹ́ ti iléeṣẹ́ èédú wọn pa sì ti ń sún ọjọ́ síwájú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìjọba Trump tilẹ̀ pàṣẹ kí ọ̀kan ní Michigan má tì lọ́jọ́ tó ti dá. Èyí yóò fún àwọn awakùsà kan ní ọdún díẹ̀, ọdún díẹ̀ sì kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tó ń tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan kọ́ iléeṣẹ́ èédú tuntun jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀, èyí tó sì ti tì kì í sábà dìde mọ́.

Ẹ wo iléeṣẹ́ Paradise ní Muhlenberg, Kentucky, tó jẹ́ ti TVA, iléeṣẹ́ iná tí ìjọba àpapọ̀ ni. Ní oṣù kejì ọdún 2019, Trump tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà kọ ọ́ sórí Twitter pé kí wọ́n rò ó dáadáa kí wọ́n tó ti iléeṣẹ́ èédú pa. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ TVA dìbò pé kí wọ́n tì í, nítorí pé owó tó ń ná wọn ti ju èrè rẹ̀ lọ. Ó jó èédú kẹ́yìn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, wọ́n fi ohun abúgbàù wó ilé gogoro mẹ́ta tó ti ń tu omi gbígbóná lára níbẹ̀ fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, wọ́n ya lulẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Iléeṣẹ́ amúnáwá mìíràn ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ náà, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 2017. Gáàsì ni wọ́n ń jó nínú rẹ̀.